Awọ Fẹ́lẹ́

Oulu, oṣù kejìlá. Òòrùn yọjú ní agogo mẹ́wàá,
ó wo yìnyín orí òkun, ó tún padà wọlé lọ sùn.
Èmi Hilkka, ọmọ Veikko amọ-ààrò,
mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, kọfí mi ti di omi tútù.

Bàbá mi a máa mọ ààrò bíríkì tó ga kan àjà.
Ohun tí onílé ń rí kò ju ilẹ̀kùn irin kékeré kan
àti ọwọ́ kan tí wọ́n ń fà kí èéfín lè jáde.
Nínú lọ́hùn-ún, èéfín ń pọ́n òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀,
ó ń yí kọ́lọkọ̀lọ
títí yóò fi gbé gbogbo ooru rẹ̀ fún bíríkì.
"Má fi hàn wọ́n," ni bàbá mi máa ń wí.
"Bí wọ́n bá mọ ọ̀nà èéfín, wọn ò ní jẹ́ kí n yí i padà mọ́."
Mo rò pé ahun ni.

Èmi náà mọ nǹkan. Kaarna ni mo pè é,
èèpo igi, ní èdè wa:
irinṣẹ́ tí àwọn akọkóòdù fi ń kọ kóòdù.
Mo ṣí i sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè lẹ nǹkan tirẹ̀ mọ́ ọn.
Wọ́n sì lẹ̀ ẹ́. Ẹnìkan lẹ àwọ̀,
ẹnìkan ní Peru lẹ àkùkọ tó ń kọ nígbà tí iṣẹ́ bá parí.
Ohun tí mi ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn,
mo fa ìlà kékeré síwájú orúkọ rẹ̀.
Ìlà yẹn ni mo kà sí ògiri.
Ìlà kì í ṣe ògiri.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo tú inú Kaarna palẹ̀.
Àkójọ kan wà níbẹ̀ tó ń wọ́ bí ìgbín;
mo yọ ọ́, mo fi èyí tó yára rọ́pò rẹ̀.
Ilẹ̀kùn ò yí padà. Ọwọ́ ò yí padà.
Mo sùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san gbèsè.

Ilẹ̀ mọ́, lẹ́tà mọ́kànlélógójì.
Àwọ̀ ti ṣá. Àkùkọ ti yadi.
Ẹnìkan bú mi títí kan bàbá mi nínú sàréè.
Mo fèsì, mo ga imú:
"Ìlà wà níwájú orúkọ rẹ̀.
Ẹni tó gba ojú fèrèsé wọlé kì í bi onílé pé àga dà."

Ìgbà náà ni mo ka ti Eneko, láti Bilbao. Kò bú mi.
"Afọ́jú ni mí. Àfikún mi ń ka kóòdù sí mi létí.
Kí n tó lè mọ ibi tí mo dé,
àfi kí n nawọ́ wọ inú àkójọ tí ẹ yọ.
Mo gbọ́ ìlà yín nígbà tí ohùn náà kà á.
Mo wá ilẹ̀kùn káàkiri ògiri, ọwọ́ mi ò bá a.
Láti àná, ohùn náà ti dákẹ́."

Awọ fẹ́lẹ́ ló bonú, wọ́n ní kò jẹ́ ká rí ikùn aṣebi.
Wọn ò sọ pé awọ yìí kan náà
ni kò jẹ́ kí ìfun dà sílẹ̀.
Àmọ́ awọ tí kò lẹ́nu,
báwo ni ẹni inú rẹ̀ yóò ṣe jẹun?

Mo rántí opó kan, Aune, tó dá ihò sára ààrò bàbá mi.
Bàbá mi gbaná jẹ, ó gbé òòlù, ó lọ síbẹ̀,
ó bá ìbọ̀wọ́ ọmọdé kan lẹ́nu ihò náà, tó ń gbẹ.
Ó dúró pẹ́.
Ó dí ihò. Ó wá kọ́ yàrá kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò,
yàrá tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, fún ìbọ̀wọ́.
Kò sọ ibi tí èéfín gbà fún un.
Aune náà ò béèrè.

Lóru yìí mo gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sára Kaarna:
*níbo-ni-mo-wà*.
Bi í, á dá ọ lóhùn.
Bó ṣe mọ̀ ọ́n, èmi àti òkùnkùn la jọ mọ̀ ọ́n,
a sì lè yí i padà lọ́la.

Eneko kọ̀wé: "Ohùn ti dé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ti pọ̀ jù."

Àkùkọ ará Peru ṣì yadi.
Mi ò tíì mọ irú ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣe fún àkùkọ.